Omi Inú Kọ́ọ̀pù Búlúù

Jímọ́ọ̀, 14 Fẹ́búárì 1992

Làmídì onímọ́tò dé láti Àbíjàn. Ó kó ẹrù fún gbogbo Èjìgbò. Tèmi jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. Ìyá ọkọ mi ní mi ò ní í dá gbọ́ ọ, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ, nítorí kó tó di ọkọ ẹnikẹ́ni, ọmọ òun ló kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n gbé rédíò sórí àga láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baba Kùdí kí ìyá rẹ̀ títí, ó kí àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ewúrẹ́, ó béèrè páànù tí atẹ́gùn ṣí lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó wá kàn mí, ohùn rẹ̀ gbẹ.

Ó ní ó ti pé ọdún kan tí mo ti gbé ọmọ wá sílé, òun kò lè máa dá gbé mọ́. Bí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀ nígbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀, kí àwa méjèèjì máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bí kò bá tíì sọ̀rọ̀, kí wọ́n mú un lọ sí Ola, sọ́dọ̀ àbúrò Ìyá tó ń dáko níbẹ̀, níbi tí igbe rẹ̀ kò ti ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí èmi nìkan wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá ṣọdún, òun ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kò sẹ́ni tó wò mí lójú. Kùdí nìkan ló sún mọ́ rédíò, ó tẹ orí ba, ó ń wo bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n á ní etí rẹ̀ ló di. Kí ẹni tó bá ní etí rẹ̀ di lọ tú ọ̀rá bisikíìtì lẹ́yìn ilé, kó wò ó bóyá Kùdí kò ní í ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó tú u tán.

Kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́ nínú ilé yìí tí kò ní í dé etí Ìyá kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá bébà sọ ọ́.

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí Madame fi hàn mí ní àdúgbò Treichville l'Ábíjàn, nínú ilé kékeré tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ bíi Kùdí. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ayé, pé otísìmù ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi odindi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kó gbà á lẹ́nu mi. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kí n fi ìdajì sí i. Lẹ́yìn náà kí n kàn ya ẹnu lásán. Lẹ́yìn náà kí n má ṣe nǹkan kan. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìrìn náà ni: a di ọwọ́ méjèèjì mú, a di ọ̀kan mú, a na ìka kan sí i, a yọ ọ́. Oṣù díẹ̀ péré ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí Baba Kùdí fi ní kí n gbé ọmọ wá sílé.

Ìkíni ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó bá ti lè kúnlẹ̀ kó ní "ẹ kú àárọ̀", gbogbo agbo ilé yìí á ní ó ti yanjú, bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan mìíràn sọ títí láé. Mo fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀." Ó ń wo wíìlì máṣíìnì ìránṣọ mi. Aṣọ ọdún àwọn èèyàn ga dé àyà mi, mi ò tíì gé ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Ooru. Kò sí iná. Mo tẹ èjìká rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó dìde. Bí ẹní ń tẹ tìmùtìmù ni.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Bọ́látitó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa wá wọn aṣọ Àjíǹde tó ní kí n bá òun rán. Mo pe Kùdí kó wá kí i. Mo tẹ èjìká rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú…" Kí ọmọ tó mí, Ìyá ti dáhùn láti inú yàrá: "Ó ní ẹ kú àárọ̀ o!"

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni Bọ́látitó wí. "Ọmọ dáadáa. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ló jí," ni Ìyá tún wí.

Àwọn méjèèjì kí ara wọn tán lórí ọmọ mi. Kùdí ti padà sídìí wíìlì máṣíìnì. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Nínú ilé yìí, ọmọ kò nílò ẹnu. Èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Túsìdeè, 25 Fẹ́búárì

Mo ra bátìrì. Ó tún ti gbówó lórí. Onísọ̀ ní dọ́là ló fà á, bí ẹni pé dọ́là ni èmi fi ń ránṣọ. Mo fẹ́ gba ohùn Kùdí sí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì baba rẹ̀, pé bó bá ṣe díẹ̀ ló sọ, kí n rí nǹkan fi ránṣẹ́. Mo tẹ rédíò, a ṣiṣẹ́ wa, mo sì gbọ́ ọ padà.

Ojú tì mí. Mi ò gbọ́ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ láì mí: "Kùdí, ẹ kú àárọ̀, ó yá, wo ẹnu mi, ẹ kú àárọ̀, Kùdí, ẹ kú, ẹ kú…" Kò sí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá. Mo tún un gbọ́, mo gbé etí lé e. Níbì kan, ọmọ náà mí sínú bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Kíá, obìnrin yẹn ti bọ́ sórí rẹ̀.

"Attends," bẹ́ẹ̀ ni Madame máa ń wí nígbà gbogbo. Dúró. Ọmọ ni mo rò pé ó ń bá wí. Èmi ló ń bá wí.

Mo sì tún rí ohun kejì. Kí ni "ẹ kú àárọ̀" ń fún Kùdí? Kò ṣeé jẹ, kò ṣeé mu, kì í yí bíi wíìlì. Èmi ni mo nílò ìkíni, kí ojú má bàa tì mí láàárín ilé ọkọ. Àwọn ọjọ́ tó yẹ kí n fi kọ́ ọ ní ohun tó fẹ́, mo fi kọ́ ọ ní ohun tí ìdílé fẹ́. Omi ni Kùdí fẹ́ràn jù láyé. Yóò mu ún, yóò dà á sí àtẹ́lẹwọ́, yóò wò ó bó ṣe ń jo. Omi la ó ṣe.

Àlàmísì, 27 Fẹ́búárì

Kọ́ọ̀pù búlúù ni tirẹ̀, kì í gba òmíràn. Ó fà á, ó gbé e sẹ́bàá àmù, ó ń wo àmù. Mo bu omi, mo gbé e sókè. "Omi," ni mo wí, mo pa ẹnu dé. Kí n tó mọ̀ ọ́n, Ìyá ti gba ẹ̀yìn mi yọ, ó bu omi sí abọ́ mìíràn, ó gbé e sí i lẹ́nu.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Ẹ jẹ́ kó béèrè."

"Kó béèrè? Ràfíátù, ṣé orí rẹ pé? Ọmọ tí kò lẹ́nu, o ní kó béèrè?"

"Ẹ ò jẹ́ kó nílò ẹnu ni, Ìyá."

Ó ti jáde kí n tó rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ṣàlàyé Madame, mo ṣàlàyé pé kí á jọ máa dúró díẹ̀ kí á tó fún un. Ìyá ní kò burú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà. Obìnrin tó fẹ́ràn ọmọ yìí ju bó ṣe fẹ́ràn èmi lọ ni, òun ló ń mọ̀ pé ebi ń pa á kí ebi tó pa á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìfẹ́ rẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́?

Sọ́ńdè, 1 Máàṣì

Mo ní "Omi," mo dákẹ́. Ó fa ọwọ́ mi, ó fa ìró mi. Mo dákẹ́. Ó sunkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sáàárín orí rẹ̀ àti ògiri, ó ń gbá a lọ́wọ́ mi, mo ṣì dákẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ya ẹnu. Ẹnu lásán, kò sí ohùn níbẹ̀. Mo fún un lómi lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti bó. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ le tó báyìí. Ẹni tó bí mi, ìjà ẹnu ló kọ́ mi.

Àlàmísì, 5 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kùdí kò gbààwẹ̀, iṣẹ́ wa kò sì dúró. Bó di ọ̀sán, ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ, èmi ni mo di omi tútù mú lọ́wọ́ tí mò ń pè é lórúkọ. Mo ń gbọ́ òórùn amọ̀ àmù lára rẹ̀. Ó ya ẹnu kí igbe tó dé, mo fún un. Mo wò ó bó ṣe ń mu ún, mo gbé itọ́ mì.

Mọ́ńdè, 9 Máàṣì

Ẹni tí mo bá rán búbà méjì wá kó aṣọ rẹ̀ lọ láì tíì parí. Ó ní òun fẹ́ fi ìyókù ṣe nǹkan mìíràn. Irọ́ ni. Bọ́látitó ló wá sọ òótọ́ fún mi: wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí pé èmi ìyàwó Mùtàlíbù ń fi omi du ọmọ nínú oṣù tí ẹni gbogbo ń wá ẹni tí yóò fún lómi mu.

"Èmi náà gbọ́ igbe ọmọ yẹn lánàá," ni Bọ́látitó wí, kò wò mí. "Mi ò ní n má bi yín o, Ìyá Kùdí, ṣùgbọ́n ṣé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa. Kò jókòó bó ṣe máa ń jókòó.

Wọ́n jẹ sààrì láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó jí mi. Ariwo ṣíbí ló jí mi. Mo gbààwẹ̀ láì jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá wọ́n gba tiwọn, bóyá ìkà ni mí lóòótọ́, ìkà tó kàwé díẹ̀. Ní Àbíjàn mo dá wà nítorí mi ò gbọ́ èdè wọn. Ibí tí mo ti gbọ́ èdè wọn wá ńkọ́?

Jímọ́ọ̀, 13 Máàṣì

"Mi."

Ó sọ ọ́! Kí wọ́n tó ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé ni, ilé dá. Mo ní "Omi," mo dákẹ́, ó wo kọ́ọ̀pù, ètè rẹ̀ pàdé, ó ní "mi." Ohùn kékeré, ó rí bí ohùn àgbà tó ní ọ̀fìnkìn. Mo fún un. Mo bu òmíràn. "Mi." Mo tún bu ú. Ilẹ̀ tutù, aṣọ Bọ́látitó tutù, èmi pàápàá tutù. Mo jókòó sínú omi náà, mo sunkún títí wọ́n fi dé.

Sátidé, 14 Máàṣì

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fà á. Mo sọ fún Ìyá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá mi mọ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń patẹ́wọ́, wọ́n ń ṣe àlùbáríkà, kálukú gbé ife omi tirẹ̀ dání: "Kùdí, sọ pé omi! Àdùkẹ́, omi! Ó yá, sọ ọ́ fún mi!" Ọmọ náà fi ìka di etí méjèèjì. Ó wọ abẹ́ máṣíìnì mi lọ, ó ká jọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mi ò sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí? Ayọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá yọ̀ nílẹ̀ yìí.

Túsìdeè, 17 Máàṣì

Kò sọ nǹkan kan. Kò ya ẹnu pàápàá. Bó bá rí kọ́ọ̀pù, ó ń sá.

Sátidé, 21 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀. Ó rọ́ lu páànù bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ìbínú, ó kó gbogbo eruku oṣù mẹ́rin lọ. Gbogbo ènìyàn sá wọlé àfi Kùdí. Ó dúró sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ páànù, ó gbé kọ́ọ̀pù búlúù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jáde lọ bá a. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kọ́ọ̀pù rẹ̀, mo ní, "O…" ìdajì péré, mo dákẹ́. Òjò ń lù wá.

"Mi."

Mo gbé ọwọ́ kúrò, omi wọnú kọ́ọ̀pù. Mo tún bò ó. "O…" "Mi." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí òjò fi dá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá bá mi jà pé mo fẹ́ kí ọmọ gba òtútù, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú.

Jímọ́ọ̀, 27 Máàṣì

Ó ti ń sọ odindi rẹ̀ báyìí: "omi." Mi ò fi ohùn sí i mọ́, mo kàn ń ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo dán an wò lónìí, mo fi gèlè bo ẹnu. Ó dúró, ó dúró, kò sọ ọ́. Mo ṣí gèlè, mo ká ètè jọ: "omi." Ètè mi ló ń kà. Bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ìka kan tó kù yìí ni mi ò tíì lè yọ.

Ọjọ́ díẹ̀ ni mo jẹ nínú ààwẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan obìnrin. Mo lè mu omi, mo sì ń fi ara pamọ́ mu ún, kí wọ́n má tún ní mò ń mu tèmi, mò ń du ọmọ ní tirẹ̀.

Jímọ́ọ̀, 3 Épírì

Bùọ̀dá Àbíjàn dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ máa pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè kọ ọ́ gedegbe pé Gàníyù ni. Ó mú ànkàrá wá fún Ìyá, ó mú búrẹ́dì gígùn wá, ó ti le bí igi kó tó dé ibodè. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Kùdí, ó fi Faransé bi í pé ṣé dáadáa ni, "Kùdí, ça va?" Kùdí ń wo bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

Wọ́n ti rí oṣù. Ọdún di ọ̀la.

Sátidé, 4 Épírì

Ọdún. Wọ́n ti Yídì dé, wọ́n jẹun tán, wọ́n pe èmi àti ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yin bángà lójú títì, rédíò méjì ń ké nínú ilé. Gàníyù fúnra rẹ̀ bu omi sínú kọ́ọ̀pù búlúù, ó gbé e sókè.

"Kùdí, kí lèyí?"

Ó di etí. Ó dijú.

"Ẹ fún un láyè díẹ̀, Bùọ̀dá," ni mo wí.

Ó fún un láyè. N kò lè sọ pé kò ṣe é. Ojú ọmọ ni gbogbo wọn ń wò, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo ká ètè jọ. Ọlọ́run rí mi, mo ká ètè jọ bí ẹni tó ń fọn fèrè, nítorí ìyókù ayé èmi àti ọmọ mi wà nínú kọ́ọ̀pù yẹn. Ṣùgbọ́n Kùdí ti dijú. Bángà kan dún gbàmù, ó figbe ta, omi dà sára ṣòkòtò ọdún Gàníyù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Kùdí," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ ti gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ ò gbìyànjú."

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Mọ́ńdè, 6 Épírì

Ó ti yanjú lójú wọn. Làmídì yóò wá gbé wa láàárọ̀ Jímọ́ọ̀: yóò já Kùdí sí Ola, yóò gbé èmi àti Gàníyù lọ. Ìyá ti di aṣọ ọmọ sínú àpò gáárì kan. Ó dì í dáadáa, ó fi ọṣẹ sí i, ó fi bisikíìtì sí i. Ó ń sunkún bó ṣe ń dì í. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó, mi ò lè bá a sunkún, mi ò sì lè bá a jà. Àwa méjèèjì ni ọmọ yìí ń dùn, a ò sì lè jókòó sórí ẹní kan.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ààwẹ̀ tí mo jẹ padà. Gbogbo ilé ń jẹ ìyókù ẹran ọdún, èmi nìkan ni mo ń gbààwẹ̀. Ta ni yóò dúró de Kùdí ní Ola? Wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀. Wọn yóò máa bu omi fún un láti àárọ̀ dé alẹ́, kò sì ní í sọ nǹkan kan mọ́ títí yóò fi dàgbà.

Àlàmísì, 9 Épírì

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má bu iyọ̀ sí i.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mò ń dúró de ìrun Màgàríbì kí n lè ṣínu. Mi ò tíì bu omi sílẹ̀, kò sí agbára níkùn mi láti dìde lọ sídìí àmù. Ladánì pe ìrun. Kùdí jáde láti inú ilé, ó gbé kọ́ọ̀pù búlúù dání, omi kún un, ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó wá dúró síwájú mi.

Mo rò pé ó fẹ́ ṣeré rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó nà án sí mi. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ó fà á sẹ́yìn.

Mo tún na ọwọ́. Ó tún fà á sẹ́yìn. Ó wá gbé ojú sókè. Ọmọ tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ó wo ẹnu mi. Ó ká ètè tirẹ̀ jọ.

"O…" ló wí. Ó sì pa ẹnu dé, ó dúró.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ti lẹ ahọ́n mi mọ́lẹ̀, ẹkún sì ti dí ibi tó kù. Ó dúró. Kò fà mí, kò sunkún, kò sáré. Ó di kọ́ọ̀pù náà mú, ó ń wo ẹnu mi, ó sì ní sùúrù fún mi ju bí mo ṣe ní in fún un lọ.

"Omi," ni mo wí nígbẹ̀yìn.

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fi ṣínu. Gbogbo omi tí mo ti mu láyé, kò sí èyí tó dé ibi tí ìyẹn dé.

Nígbà tí mo gbé ojú kúrò nínú kọ́ọ̀pù ni mo rí Ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di férémù mú, bùtá àlùwàlá rẹ̀ ti ṣubú sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bó o ṣe ń ṣe é gan-an ló ń ṣe ọ́ yẹn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó ti ń fi ọkàn bá gbogbo ẹ̀ lọ látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó gbé bùtá, ó lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tí omi ń dà fún ìgbà pípẹ́.

Jímọ́ọ̀, 10 Épírì

Mọ́tò Làmídì ti lọ. Gàníyù nìkan ló gbé. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ìyá ló fi ohùn sí i, ó ní: "Mùtàlíbù, ìyàwó rẹ kò bọ̀ nísinsìnyí o. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa nílé. Bí àdánìkanwà bá ń dùn ọ́, àwa náà mọ bó ṣe máa ń rí." Bóyá yóò fẹ́ òmíràn lé mi. Ó ṣeé ṣe. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò ní í purọ́.

Kùdí sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, "omi," kò sí ohùn ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ rántí. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Mo jí láàárọ̀, mo rí àpò gáárì yẹn lórí ẹní, wọ́n ti tú u, aṣọ ọmọ ti padà sórí okùn. Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sídìí àmù, òun tí orúnkún ń dùn. Ó gbé rédíò kalẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Kọ́ọ̀pù búlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi kún un, Kùdí dúró síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ìyá pa ẹnu dé gbọn-in. Omijé ń bọ́ sí i nígbá àyà, ó ń wù ú kó fún un, mo rí i pé ó ń wù ú, kò fún un. Gàníyù yọ sí wa, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ kejì sókè sí i.

Mo rọra jókòó tì wọ́n. Àwa méjèèjì jọ ń dúró.